Bàbá Géètì Parọ́ fún Kọ̀ńpútà

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa, àfi kó kọ́kọ́ kí Bàbá Géètì. Kì í ṣe pé bàbá náà le o. Géètì yẹn ló ti wọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n tì í sápá ọ̀tún, kí wọ́n wá fi orúnkún gbá a nísàlẹ̀, kó tó ṣí. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, Bàbá ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Géètì tí gbogbo èèyàn bá lè ṣí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi gáàdì ṣe níbẹ̀?"

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tó wá gba iṣẹ́ gáàdì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó iná, àfi ikùn rẹ̀ nìkan tó yọ síwájú, bíi pé ẹrù ẹlẹ́rù ni, tó kàn ń bá wọn gbé e.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Láyé obìnrin náà, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ìdí iná. Ó ní awakọ̀ kì í ní sùúrù pẹ̀lú iná: tó bá ti rí i pó ràn, á fẹ́ kí nǹkan máa sáré. Nígbà tó wá di pé obìnrin náà ò sí mọ́, Bàbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ohunkóhun. Ó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án, ó sì ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á pààrọ̀ oúnjẹ: á kọ́kọ́ mu ẹlẹ́rìndòdò ná, kó tó wá jẹ búrẹ́dì. Sítóòfù gáàsì tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ ti di ibi tó ń kó fìlà sí, mẹ́rin lórí ojú iná kan, mẹ́ta lórí èkejì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju òpópónà méjì lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló máa ń yà kí i.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Mo jẹun."

"Mo ní kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ ni."

Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà ò gbà fún un bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Obìnrin náà máa ń wọ bàtà tí kì í dún, kò sẹ́ni tó ń mọ ìgbà tó máa yọ síni lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ó gún Bàbá lábẹ́rẹ́ lórí ìka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Bàbá, àrùn ìtọ̀ ṣúgà ò tíì mú yín o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti òun ti ń kí ara yín lójú ọ̀nà."

Bàbá ní, "Ẹni tó bá kí mi, mo gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

Ohun tí wọ́n ń bá bọ̀ nìyẹn nígbà tí kọ̀ńpútà dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e wá. Ọkùnrin méjì ló gbé e, obìnrin kan tó wọ jígí sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ń pariwo pé, "Ẹ rọra! Ẹ rọra!" bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé abiyamọ. Obìnrin náà ló ṣe ètò tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Àwa ò mọ orúkọ rẹ̀, a kàn ń pè é ní Oníkọ̀ńpútà. Kọ̀ńpútà ọ̀hún rí pẹrẹsẹ, kò tóbi ju àwo tí wọ́n fi ń gbé tíì lọ. Wọ́n kàn án mọ́ orí tábìlì kan nínú yàrá tí a ti máa ń dúró de Nọ́ọ̀sì, láàárín ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn àti bẹ́ńṣì gígùn tí gbogbo wa ń jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ibi tí wọ́n gbé e sí yẹn dáadáa. Ẹni tó bá dúró nídìí rẹ̀, gbogbo bẹ́ńṣì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń yọjú léjìká rẹ̀.

Oníkọ̀ńpútà ṣàlàyé fún wa. Ó ní, "Kì í ṣe pé ẹ máa wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú. Á bi yín ní ìbéèrè, ẹ máa dá a lóhùn, bẹ́ ẹ bá sì ṣe dá a lóhùn lòun náà ṣe máa dá yín lóhùn. Ó fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń jẹun tó ń ṣara lóore ni."

Nínú ojú ẹ̀rọ náà, ọkùnrin kan wà tí wọ́n yà, ó wọ ṣòkòtò péńpé, kò wọ ẹ̀wù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a ti sọ ọ́ ní Kúkúrú. Tí o bá fọwọ́ tẹ àwòrán oúnjẹ, Kúkúrú á jẹ ẹ́. Tí oúnjẹ ọ̀hún bá dáa, á na ara, á máa fò. Tí kò bá dáa, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Kálukú ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá Géètì ló gba nọ́ńbà kìíní. Ó ní ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ nǹkan, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó rọ̀, ó mọ́, bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn: "Ẹ káàbọ̀, olùlò ọ̀wọ́n."

Bàbá wẹ̀yìn. "Ta ni Olùlò?"

Oníkọ̀ńpútà ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́. Olùlò kankan ò wá síbí láàárọ̀ yìí. Mi ò ṣí géètì fún un."

Wọ́n ṣàlàyé títí ó fi gbà pé òun ni. Ohùn náà wá béèrè pé, "Kí ni ẹ jẹ ní àná?" Àwòrán oúnjẹ bẹ́ yọ lóríṣiríṣi. Bàbá, olóòótọ́ èèyàn, tẹ búrẹ́dì. Ó tẹ ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ó tún tẹ búrẹ́dì. Ó tẹ ìgò. Ó ronú díẹ̀, ó tún tẹ búrẹ́dì.

Kúkúrú yán. Ó jókòó. Ó yán lẹ́ẹ̀kejì, ó wá na gbalaja sílẹ̀, ó di ojú.

Ohùn náà ní, "Ó ṣeni láàánú. Kò sí ohun tó ń tún ara ṣe nínú oúnjẹ yín. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ gbìyànjú sí i, olùlò ọ̀wọ́n."

Ìyá Aránṣọ, tó wá tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ló kọ́kọ́ pariwo: "Yéè! Bàbá Géètì ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ẹ̀rín tí bẹ́ńṣì yẹn rín lọ́jọ́ náà, ẹni tó wá gba oògùn inú rírun gbàgbé inú rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí ahọ́n ni. Mo rí i nígbà tó ń padà sí géètì, kò gbọn kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé wá ní kùtù, bẹ́ńṣì ti kún. Ó tẹ nọ́ńbà kìíní. Ohùn náà bi í ní ohun tó jẹ ní àná. Bàbá ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó tẹ ẹ̀wà. Ó tẹ ẹja. Ó tẹ ẹ̀fọ́. Ó na ìka sókè, ó ronú bí ẹni tó ń rántí, ó wá tẹ ọsàn kan.

Kúkúrú fò sókè tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ojú ẹ̀rọ. Òdòdó oríṣiríṣi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti òkè. Àtẹ́wọ́ sì dún, kì í ṣe ti ẹnì kan tàbí ẹni méjì, àtẹ́wọ́ gbọ̀ngán tó kún ni. "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun! Oúnjẹ yín pé pérépéré!"

Bàbá yíjú padà, ó wo Ìyá Aránṣọ látòkè délẹ̀, ó jáde lọ.

Ẹ má rò pé irọ́ náà kò ní ìdí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ọdún márùn-ún lẹ́nu géètì, ta ló pàtẹ́wọ́ fún un rí? Àtẹ́wọ́ dùn. Ọjọ́ kẹta, ó padà wá gba tirẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó fi ẹyin kún un.

Ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ẹni tó tún ń jẹ búrẹ́dì lásán ládùúgbò wa mọ́, ó kéré tán, lójú kọ̀ńpútà. Ìyá Aránṣọ ń jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, tíì lásán ni mo mu kí n tó jáde nílé, ẹyin méjì ni mo tẹ̀. Káfíńtà àdúgbò wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó tẹ ẹyin, ó tẹ ẹ̀fọ́, ó tẹ ẹran adìyẹ. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Adìyẹ wo?"

Káfíńtà ní, "Dákẹ́ ná."

"Rárá o, mo fẹ́ mọ̀. Ilé ta lo ti jẹ adìyẹ?"

Àtẹ́wọ́ ń dún fún Káfíńtà nínú ẹ̀rọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fi í ṣe ẹlẹ́jọ́ níta. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí adìyẹ tí ẹnikẹ́ni ò pa.

Ẹ má dá wa lẹ́bi jù. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró níwájú ojú mẹ́wàá kó sọ pé omi gbígbóná lòun mu sùn.

Oṣù méjì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Nọ́ọ̀sì yọ sí Bàbá lẹ́yìn ní géètì pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí kì í dún, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n kọ̀wé sí wa láti ọ́fíìsì àgbà. Ibi mọ́kànlá ni wọ́n gbé kọ̀ńpútà yìí sí. Nínú gbogbo rẹ̀, àdúgbò tiwa ló ń jẹun tó dáa jù lọ."

Bàbá ní, "Ìyẹn mà dáa o."

"Ó ku o. Nínú gbogbo èèyàn tó ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà kìíní tiwa ló gba ipò kìíní. Ẹ̀yin nìyẹn. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ wá se oúnjẹ níwájú wọn."

"Kí n kí ni?"

"Ẹ̀wà yẹn. Èyí tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ láràárọ̀, tẹ́ ẹ máa ń fi ẹja àti ẹ̀fọ́ sí. Wọ́n fẹ́ yà yín ní fọ́tò." Nọ́ọ̀sì ká ìwé náà, ó wò ó lójú. "Ohun kan ṣoṣo ló ń yà mí lẹ́nu. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ yín ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀wà yìí rárá."

Ó yí padà, ó lọ. Bàbá dúró síbẹ̀. Ẹnì kan kan géètì, kò gbọ́. Wọ́n tún kàn án. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aláìsàn fi orúnkún ara rẹ̀ ṣí géètì yẹn.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé, tí ẹni ìkẹyìn ti gba oògùn lọ, Bàbá jókòó níwájú kọ̀ńpútà lóun nìkan. Kò wá gba àtẹ́wọ́. Àwòrán ìkòkò kékeré kan wà ní igun ojú ẹ̀rọ náà, nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnì kankan nínú wa ò fọwọ́ kàn rí, nítorí Oníkọ̀ńpútà ti sọ fún wa pé ibẹ̀ kì í pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Ìkòkò ńlá kan yọ, iná wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi, àlùbọ́sà, iyọ̀. Ó fi ìka wọ́ ẹ̀wà, ó dà á sínú ìkòkò. Kúkúrú jẹ ẹ́, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, eyín rẹ̀ kan fò jáde. Ohùn náà ní, "Ẹ kò ṣa ẹ̀wà yín. Òkúta wà nínú rẹ̀." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣà á, ó tún un dà. Ó bu iyọ̀ ṣíbí mẹ́ta. Kúkúrú gbé korobá omi kan, ó mu ún tán, ó tún gbé òmíràn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Omi kéré, ó jóná. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹ̀fọ́ síná lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ di dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò mẹ́sàn-án ló jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sí ìkankan tí wọ́n fọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín rẹ̀, àfi òun fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́rú ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó ra ẹ̀wà, ó lọ sílé. Ó kó fìlà méje kúrò lórí sítóòfù, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù jáde lábẹ́ tábìlì, ó nu eruku rẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà bí ẹni tó ń ṣa wúrà. Ó da omi sí i, ó gbé e kaná, ó sì jókòó lórí àga láti sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀.

Kọ̀ńpútà kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan. Kò kàn kọ́ ọ pé kó má sùn ni.

Èéfín ló jí àwọn ará ilé kejì. Wọ́n sáré pe ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Onídìrí náà sáré wá pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, obìnrin tó ń dirun fún sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n tíì dì, èyí tó kù sì dúró ṣánṣán bíi pé òun náà ló rí iná. Wọ́n bá Bàbá láàárín yàrá, ó ń fi fìlà fẹ́ èéfín síta lójú fèrèsé.

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń se ẹ̀wà."

"Fún ta ni?"

"Fún ọ́fíìsì àgbà."

Ọmọ náà rò pé èéfín ti kọ lu bàbá òun lọ́pọlọ. Ó fà á jókòó. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ jáde: búrẹ́dì, ẹlẹ́rìndòdò, Kúkúrú, àtẹ́wọ́, ìwé, Ọ̀gá Àgbà. Oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó lọ wo inú ìkòkò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú bí ojú ọ̀dà.

"Ìkòkò Màmá nìyí."

"Mo mọ̀," Bàbá dáhùn. Ó wolẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá lo tirẹ̀, á ràn mí lọ́wọ́."

Ọmọ náà di ìkòkò mú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bi yín pé kí lẹ jẹ."

"Oúnjẹ náà ni mo ní mo jẹ. Mi ò kúkú parọ́ fún ìwọ."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ibi tí wọ́n ti ń rín in lọ́wọ́ ni oníbàárà ti wúkọ́. "Ẹ dákun, ẹ má bínú o. Orí mi ńkọ́?"

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé inú yàrá Bàbá Géètì ni wọ́n ti parí orí obìnrin náà. Oníbàárà jókòó lórí àpótí, onídìrí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń pàṣẹ, Bàbá sì dúró nídìí iná pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n ti ha mọ́.

"Ẹ fi omi kún un, Bàbá. Ó tún kù. Ẹ má ṣí i mọ́."

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Ẹ̀wà ò ní sá lọ. Ẹ jókòó. Ẹ má sùn o!"

Oníbàárà náà dá sí i: "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ kẹ́yìn, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ti dà á sí i, ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Kọ̀ńpútà sọ fún mi," Bàbá dáhùn tìgbéraga-tìgbéraga.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ ẹ́. Ó rọ̀ jù, iyọ̀ ò sì dé ibẹ̀ dáadáa. Bàbá bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ méjì dúró níwájú ilé ìwòsàn. Ọ̀gá Àgbà sọ̀kalẹ̀, obìnrin tó sanra, tó ń rọra rìn, tó ń rọra sọ̀rọ̀. Oníkọ̀ńpútà wà lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, jígí rẹ̀ ń dán. Gbogbo wa ti pé sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n gbé jáde sínú ọgbà, a wọ aṣọ tó dáa. Wọ́n ti gbé iná sí abẹ́ igi níbẹ̀, Bàbá sì ti gbé ẹ̀wà kaná láti agogo méje. Níwájú gbogbo wọn ló ti da ẹja sí i, tó da ẹ̀fọ́ sí i, tó ka ọgọ́rùn-ún sókè ketekete tí gbogbo bẹ́ńṣì fi ń bá a kà á. Wọ́n bu ú fún Ọ̀gá Àgbà. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún bu ṣíbí kejì, ìyẹn kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ mọ́.

"Bàbá, oúnjẹ yìí dùn. Ó ti pẹ́ tó tẹ́ ẹ ti ń jẹun báyìí?"

Ẹni tó ń ya fọ́tò gbé ẹ̀rọ sójú. Bàbá wo Nọ́ọ̀sì. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ògiri. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Láti ìjẹta ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ọ̀gá Àgbà ní, "Rárá, mo béèrè tọkàntọkàn ni."

"Tọkàntọkàn lèmi náà fi dáhùn. Ọjọ́rú yìí ni mo kọ́kọ́ gbé ìkòkò kaná látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Èyí tí mo ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí, irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Nọ́ọ̀sì wí. Ẹ̀jẹ̀ mi ti sọ fún un."

Ìyá Aránṣọ wá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ tèmi náà. Ó tó oṣù kan tí ẹja ti wọ ilé mi gbẹ̀yìn." Èmi náà dìde, mo jẹ́wọ́ ẹyin méjì. Káfíńtà fò dìde, ó nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé: "Mi ò jẹ adìyẹ! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Mi ò jẹ adìyẹ kankan!" Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Oníkọ̀ńpútà bọ́ jígí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe ètò yẹn, ó sì ti ń fi nọ́ńbà wa yangàn káàkiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bàbá sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, má banú jẹ́. Ẹ̀rọ rẹ dáa. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo sè yìí. Mo jó ìkòkò mẹ́sàn-án mọ́ ọn lọ́wọ́, kò pariwo lé mi lórí. Ṣùgbọ́n ìyẹn, èmi àti òun nìkan la jọ wà níbẹ̀. Láàárọ̀, tí bẹ́ńṣì bá kún, tó bi mí pé kí ni mo jẹ, kí lo fẹ́ kí n sọ? Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá parọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ìwọ, èwo lo máa mú?"

Ọ̀gá Àgbà ti gbé àwo sílẹ̀. Ó ní, "Dókítà mi bi mí lọ́sẹ̀ yìí bóyá mo ń rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, Kúkúrú ìbá gbọ́ ọ kó fò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin náà wá béèrè lọ́wọ́ wa, kì í ṣe lọ́wọ́ Bàbá nìkan, pé báwo la ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí. A sì sọ ọ́. A sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan orí, Oníkọ̀ńpútà ń kọ ọ́, ìwé rẹ̀ tán, Nọ́ọ̀sì fún un ní èyí tí wọ́n fi ń kọ oògùn. Ìyá Aránṣọ ní kí wọ́n ta aṣọ yí i ká. Mo ní kí wọ́n má pe èèyàn ní olùlò mọ́. Bàbá ní, "Ẹ má bi wá ní ohun tí a jẹ lánàá. Àná ti lọ. Ẹ bi wá ní ohun tó wà nílé lónìí. Tí mo bá ní búrẹ́dì nìkan ni, kó má ní ó ṣeni láàánú. Kó sọ ohun tí mo lè fi jẹ búrẹ́dì."

Wọ́n gbé kọ̀ńpútà náà lọ fún ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri, aṣọ aláwọ̀ ewé tí Ìyá Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló yí i ká. Ohùn Nọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀ báyìí. "Ẹ kú àárọ̀ o. Kí ló wà nílé lónìí? Búrẹ́dì? Ó dáa. Ṣé ẹyin wà? Kò sí. Ẹ̀pà ńkọ́?" Wọ́n fẹ́ yọ Kúkúrú kúrò, a ò gbà. Àtẹ́wọ́ náà ṣì wà, ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń dún fún ẹni tó bá gbìyànjú nǹkan tuntun, kódà kó jóná.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé tún dé láti ọ́fíìsì àgbà. Nínú ibi mọ́kànlá, àdúgbò wa ló ṣe ipò kẹsàn-án. Nọ́ọ̀sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ìwé ẹ̀rí. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé kọ̀ńpútà àti ìwọ̀n òun máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò tíì wálẹ̀ tán o. Ó ṣì ń mu ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́jọ́ Àìkú, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé á tẹ ìgò náà síwájú Kúkúrú pẹ̀lú ìgboyà, á dúró kó yán tán, á sì sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́. Ó dùn ni."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ tẹ kọ̀ńpútà. Ó dúró lẹ́nu aṣọ náà, ó wo bẹ́ńṣì, ó wo ilẹ̀. Bàbá Géètì wà nítòsí, ó ń mu omi. Ó gbé aṣọ náà sókè fún un, ó ní, "Wọlé, ìyá wa. Ohun tó bá wà nílé ni kó o sọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, sọ bẹ́ẹ̀ náà." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwa tí a wà lórí bẹ́ńṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sọ ìtàn ẹ̀wà kan tó sè lọ́jọ́ Sátidé, títí obìnrin náà fi ṣe tán.